Omi Ẹ̀gẹ́ Tí Ìyé Ń Dà Sí Mi Lára

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ó máa ń jí mi nínú ilé bàbá mi ní Àgbàdo-Èkìtì, n kò ní sọ pé àkùkọ ni. Ọ̀lẹ ni àkùkọ ilé yẹn, ilẹ̀ á ti mọ́ tán kí ó tó rántí pé iṣẹ́ ń bẹ lọ́rùn òun. Ẹsẹ̀ Ìyé ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ìyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àdúgbò. Á máa wọ́ ẹsẹ̀ ṣàà, ṣàà, lórí sìmẹ́ńtì, lẹ́yìn náà wàá gbọ́ ìdérí dúrọ́ọ̀mù, gbà! Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan á sì gba gbogbo ilé. Fùfú ni Ìyé ń ṣe tà. Yàrá kékeré tó wà ní ìkángun ilé ni ó ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, inú yàrá tí àwa ọmọdé ń sùn ni ó sì máa ń gbà kọjá bó bá fẹ́ lọ da omi kíkan náà nù ní ẹ̀yìnkùlé. Àlejò tí kò bá mọ̀ á fi ọwọ́ bo imú. Èmi tí mo gbé ibẹ̀ fún odidi ọdún kan, bí mo bá gbóòórùn ẹ̀gẹ́ kíkan lónìí, ní ọjà tàbí létí títì, omi á lé ròrò sí mi lójú, àwọn ọmọ mi á ní, "Màmá, kí ló tún dé?" Kí ni n bá sọ fún wọn? Mo máa ń ní eruku ni.

Ìkẹ̀rẹ́ ni wọ́n bí mi sí, níbi tí òkúta Olósùnta ti ń wo gbogbo òrùlé láti òkè. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni wọ́n mú ìyá mi, tó jẹ́ olùkọ́, lọ fún kọ́ọ̀sì ní ìlú òkèèrè, iṣẹ́ ọ̀nà títì tí bàbá mi ń ṣe kì í sì í jẹ́ kó sùn sílé. Wọ́n ní kí n lọ gbé lọ́dọ̀ Ìyé títí ìyá mi á fi parí. Gbogbo ènìyàn ló ń bá mi yọ̀, wọ́n ní màá jẹ iṣu tuntun, màá jẹ ẹran ìgbẹ́. Èmi kò yọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ọjọ́ orí mi ti kọjá ohun tí ń ti ènìyàn lójú: atọ̀ọ́lé ni mí. Mo ti ń kàwé já gaara, mo ti lè rokà, mo ti ń pọn àbúrò mi kiri, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹní mi á tutù bí ìgbà tí òjò wọlé. Ní àdúgbò wa ní Ìkẹ̀rẹ́, mo ti fi ojú ara mi rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n so ẹní mọ́ lẹ́yìn, tí wọ́n so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ní ìbàdí, tí àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé láti ojúlé dé ojúlé. Mo wò ó títí tó fi kọjá. Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ sí Àgbàdo, ìyá mi ká rọ́bà kan, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì mi. Ó ní, "Tẹ́ eléyìí sábẹ́ ẹní rẹ. Má mu omi lálẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ o, Àdùkẹ́, má dójú tì mí ní ilé ọkọ mi." Ọ̀rọ̀ náà wúwo ju báàgì lọ.

A ò pọ̀ nínú yàrá tí a ń sùn: èmi, Fúnmi ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àti àwọn àbúrò rẹ̀ kéékèèké. Fúnmi fi díẹ̀ jù mí lọ. Ọmọ dáadáa ni, n kò purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀! Ọ̀rọ̀ tí Fúnmi bá gbọ́ láàárọ̀, kí ọbẹ̀ ọ̀sán tó jinná, wọ́n á ti máa sọ ọ́ lẹ́nu odò. Òun ló fẹ́ kí n sùn sí ààrin, kí a lè máa tàkúrọ̀sọ. Ìyé, tó máa ń pe ilé ní ulé bí àwọn ará Èkìtì, ní rárá. "Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ni kó sùn. Ọmọ Ìkẹ̀rẹ́ ni, ooru ulé yìí á mú un." Mo rò pé kò fẹ́ràn mi ni. Oúnjẹ alẹ́ wa, kí oòrùn tó wọ̀ ni ó fi fún wa, iṣu sísun pẹ̀lú epo pupa, kò sí ọbẹ̀ olómi. Lẹ́yìn náà ó pàṣẹ pé kí gbogbo wa lọ tọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó dúró tì wá bí ẹni ń da ewúrẹ́. Fúnmi ń ráhùn pé, "Ìyé, mi ò fẹ́ tọ̀ o." Ìyé ní, "Lọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá jáde, kí ulẹ̀ kí o padà wá." Nígbà tí mo wá fẹ́ tẹ́ rọ́bà ìyá mi, ó dún pàrà-pàrà, Fúnmi gbé orí sókè kíá: "Kí lò ń jẹ níbẹ̀ yẹn? Fún mi ńbẹ̀." Mo ká a padà sínú báàgì, n kò sì tún mú un jáde mọ́.

Ohun tí mo bẹ̀rù kò dúró pẹ́. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ alẹ́ àkọ́kọ́ náà gan-an, mo jí, mo bá ara mi nínú omi. Ẹní rin gbingbin, ìró mi rin, aṣọ tí mo fi bora rin. Mo dùbúlẹ̀ gbọnrangandan, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí òjò rọ̀ kí òrùlé jò, kí ó sì jò sórí èmi nìkan. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyé, ṣàà, ṣàà. Ó ru bàsíà omi ẹ̀gẹ́ bọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọsẹ̀, yàà! Gbogbo omi náà dà lé mi lórí. Kí n tó sọ̀rọ̀, Ìyé ti figbe ta: "Yéè! Mo gbé o! Ẹ wá wò mí, mo ti da omi ẹ̀gẹ́ sọ́mọ ọlọ́mọ lára! Ojú mi ò ríran mọ́, ogbó ti dé o!" Gbogbo ilé jí. Màmá Fúnmi sáré wọlé, ó ń ṣe "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́." Fúnmi fi aṣọ bo imú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń kọ́: "Àdùkẹ́ ń rùn bí fùfú!" Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì gbọ́ èébú tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ìyé dì mí lọ́wọ́ mú, a lọ fọ ẹní, a fọ aṣọ, ó sì wẹ̀ mí pẹ̀lú ọṣẹ dúdú. Kò wo ojú mi.

Mo ní orí mi ló gbè mí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Ìyé tún kọsẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ó kọsẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kọsẹ̀ nígbà òjò, ó tún kọsẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ, nítorí Ìyé tí mò ń sọ yìí, obìnrin tí gbogbo Àgbàdo mọ̀ sí ẹni tí ẹrù kì í mì lórí rẹ̀ ni. Á ru ìkòkò omi tó kún dé ẹnu, á gba ojú òkúta gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lọ́nà odò, á káwọ́ sẹ́yìn, á sì máa bá ẹni tó wà lẹ́yìn sọ̀rọ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Wọ́n fi ń bá àwọn ìyàwó tuntun wí ni. "Ẹ wo Ìyé," wọn á ní, "ṣé ẹ rí bí ó ti ń rìn?" Òun náà mọ̀, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Nígbà tí ìkọsẹ̀ yìí wá ń pọ̀, Màmá Fúnmi fi òwe bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan: "Ìyé, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Kí lẹ̀ ń rí lẹ́yìn?" Ìyé ní, "Ẹ̀gẹ́ tí ìwọ kò tíì bó ni mò ń rí." Màmá Fúnmi rẹ́rìn-ín, ó mú ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n mo rí i tó mi orí.

Ẹ̀mí mi kò fura rárá títí di àárọ̀ kan tí mo jí tí mo sì gbẹ. Gbígbẹ kẹ̀! Mo fi ọwọ́ pa ẹní lọ pa á bọ̀, kò tutù. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbádùn ara mi bí ọmọ ọba. Ìyé ru bàsíà rẹ̀ dé. Mo la ojú díẹ̀. Mo rí i tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó na ẹsẹ̀ lásán sórí ẹní mi, tó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí mi, bí ìgbà tí a bá ń wò ó bóyá aṣọ tí a sá ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ó fa ẹsẹ̀ padà, ó kọjá lọ. Bàsíà kò mì. Ẹ̀kán omi kan kò já. Mo ní áà. Ní ọjọ́ kejì mo tọ̀ sílé, mo sì ti jí kí ó tó dé, mo pa ojú dé. Ẹsẹ̀ náà wá, ó tẹ ẹní, ó dúró. Ó kọsẹ̀, yàà! "Yéè! Ogbó ti dé o!" Orí mi wú. Mo wá mọ ìdí tó fi ní kí n sùn lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tó sì ń fún wa ní iṣu gbígbẹ lálẹ́: ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo dé. Ọmọdé ni mí, n kò ní orúkọ tí n bá pe ohun tí mo rí, ṣùgbọ́n gbogbo ara mi ló mọ̀ ọ́n. Bí ìgbà tí ènìyàn bá dé ẹsẹ̀ òkúta Olósùnta, tó gbé ojú sókè, tí kò rí òpin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kékeré yẹn rí lójú mi láti àárọ̀ ọjọ́ náà.

Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí. Ọmọ mi obìnrin pè mí lórí fóònù láìpẹ́ yìí, ó ní ọmọ òun kò fẹ́ lọ sùn nílé ẹ̀gbọ́n òun nígbà họlidé, nítorí ọ̀ràn kan náà yìí. Ó ní wọ́n ti ra pámpásì ńlá, wọ́n ti rí dókítà, dókítà ní kò sí ohun tó ṣe é, yóò dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ gidi ni dókítà sọ. Mo ní kí wọ́n má nà án, kí wọ́n má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí n kò mọ bí n ṣe máa sọ lórí fóònù ni pé kí wọ́n wá ẹnìkan fún un, ẹnìkan tó ní orúkọ, tó sì lè gbé orúkọ náà sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Níbo ni wọn yóò ti rí i rà?

Nítorí pé ó ná Ìyé ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ jáde nílé, ó dé ọjà. Wọ́n ní ọwọ́ Ìyé ti ń gbọ̀n. Oníbàárà kan tó ti ń ra fùfú rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge béèrè bóyá ó ṣì ń ríran sẹ́ fùfú náà dáadáa. Ìyé sọ ọ́ fún wa pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò pẹ́ ni Bàbá Fúnmi, àkọ́bí rẹ̀, ránṣẹ́ pe bàbá mi láti ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà ni Bàbá Fúnmi, ohùn rẹ̀ a máa balẹ̀ bó bá fẹ́ sọ ohun tó le. "Ìyé," ó ní, "ẹ má bínú sí wa. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Lọ́jọ́ kan, omi gbígbóná ni ẹ máa rù, tí ẹ máa dà sí ọmọdé lára. Màmá Fúnmi á gba ọ̀ràn ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin ẹ máa bá àbúrò mi lọ sí Ìkẹ̀rẹ́, kí wọ́n yẹ ojú yín wò, kí ẹ sì jókòó ẹ sinmi." Ẹ̀rù bà mí. Ìyé ló máa ń sọ fún wa pé kò sí àìsàn tó ń pa àgbà bí àga. Ó máa ń ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọmọ wọn ní kí wọ́n jókòó, tí wọn kò sì dìde mọ́. Mo ń retí kí ó fi ẹnu gbá Bàbá Fúnmi bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn padà, ó wo inú wọn. "Ó dáa," ó ní. "Bí ẹ ti wí náà ni."

Ó gbà! Ìyé gbà! Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Bí ó bá wò mí ni, bóyá n bá lè dákẹ́. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi dìde lẹ́nu ọ̀nà tí àwa ọmọdé jókòó sí, ohùn tó sì jáde lẹ́nu mi ga ju tèmi lọ. "Ìyé kì í kọsẹ̀ o! Èmi ni mò ń tọ̀ sílé! Ìyé ń mọ̀ọ́mọ̀ da omi ẹ̀gẹ́ lé ìtọ̀ mi kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ ni!" Bàbá mi tẹjú mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ tí Fúnmi fa èémí wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé mo ti kú: ìyá mi ti tẹ́, ẹní ti wà lẹ́yìn mi, ọ̀pọ̀lọ́ ti wà níbàdí. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Ìyé, ìbínú ni ó sì fi sọ ọ́. "Ta ní bi ọ́? Àdùkẹ́, mo ní ta ní bi ọ́ ní ọ̀rọ̀?" Bàbá Fúnmi ní, "Ìyé, òótọ́ ni? Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Ìyé yíjú sí i. "Kí n sọ fún ọ? Bí mo bá sọ fún ọ, ṣé ìyàwó rẹ ò ní gbọ́? Bí ìyàwó rẹ bá gbọ́, ṣé Fúnmi ò ní gbọ́? Bí Fúnmi bá wá gbọ́, ta ló kù ní Àgbàdo tí kò gbọ́?" Ẹ̀rín bú lẹ́nu Màmá Fúnmi kó tó lè mú un dúró, bàbá mi náà rín in, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Fúnmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá Fúnmi dìde lórí àga. Pẹ̀lú gbogbo jíjẹ́ tíṣà rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agbádá tó wọ̀ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀, kò sì lè sọ ju "Ìyé, Ìyé" lọ. Ìyé ní kó dìde, ó ń ba aṣọ jẹ́. Òun alára dìde, ó wọ yàrá ẹ̀gẹ́, a gbọ́ ìdérí dúrọ́ọ̀mù. Ó ru bàsíà jáde, omi kún un dé etí, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó gba ààrin gbogbo wọn kọjá láàárín àga àti àga, ó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Sìmẹ́ńtì tó gbà kọjá gbẹ táútáú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, n kò tíì rí ohun tó kọjá ìrìn yẹn.

Ẹ má rò pé ìtọ̀ bẹ̀rù rẹ̀ o. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹní mi rin gbingbin bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìyé dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ẹní, kò kọsẹ̀. Ó lọ da omi rẹ̀ nù, ó padà wá, ó sì sọ ọ́ bí ìgbà tí ó bá ní iná ti kú lábẹ́ ìkòkò: "Àdùkẹ́, ẹní rẹ tutù. Gbé e lọ sí iwájú ulé, ibẹ̀ ni oòrùn ti ń kọ́kọ́ là." Iwájú ilé! Lójú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà lọ sóko! Mo ń gbìyànjú láti ká a nígbà tí mo rí i pé ó fúyẹ́. Fúnmi ti di etí kejì mú. Kò sọ nǹkan kan, mo sì mọ ohun tí ìyẹn ná an. A gbé e jáde, a sá a sórí okùn. Ìyé gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀ lé wa, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà gan-an, ó kó ẹ̀gẹ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Kò pẹ́ ni obìnrin aládùúgbò wa kan tó ń lọ sóko dúró. "Ìyé, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó wo ẹní tó ń kán tótó, ó fa imú. "Háà, ta ló tọ̀ sí ẹní tó tó báyìí?" Fúnmi wò mí. Mo la ẹnu. Ìyé ló dáhùn, kò gbé orí sókè.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Ìyé?"

"Mo ní èmi ni. Àbí o fẹ́ bá mi sá a ni?"

Láti inú ilé ni Bàbá Fúnmi ti pariwo, "Ìyé!" Obìnrin náà ki ẹsẹ̀ mọ́ ìrìn, ó ń bojú wẹ̀yìn. Ìyé ju ẹ̀gẹ́ tó ti bó sínú omi, ó mú òmíràn.